Ẹjọ́ tí gbogbo ìlú kọ̀: kí ni ojúṣe agbẹjọ́rò tó jẹ́ ọmọ ìlú náà?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Ọmọ Òkè Èkìtì

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Agbẹjọ́rò ni mí. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti wọ iṣẹ́ náà, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Adó-Èkìtì ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ìlú kékeré ni ìlú wa, ní ìhà àríwá Èkìtì, níbi tí igbó ti dí, tí ọ̀nà oko sì jìn. Gbogbo wa la mọ bí ẹ̀rù àwọn ajínigbé ṣe mú àgbègbè yẹn. Kò sí ẹni tó tíì gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Èmùré-Èkìtì lọ́jọ́ kan náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìlú wa kò ti sun abà mọ́. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ó kan àwa náà: wọ́n jí ènìyàn mẹ́ta gbé lọ́nà oko wa. Ẹbí wọn ta ilẹ̀, wọ́n yá owó, wọ́n san án kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò sì tíì lè rìn dáadáa títí di òní.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn Àmọ̀tẹ́kùn mú ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan, ọmọ ìlú wa, wọ́n sì fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé òun ló ń ta àwọn ajínigbé náà lólobó, nítorí pé wọ́n bá nọ́ńbà ọ̀kan nínú wọn lórí fóònù rẹ̀. Ilé ẹjọ́ Májísíréètì ti ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Adó, títí ìmọ̀ràn yóò fi wá láti ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ lórí irú ẹ̀sùn tí wọn yóò gbé lọ sí ilé ẹjọ́ gíga.

Opó ni ìyá ọmọ náà, gàrí ló ń tà. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti dé ọ́fíìsì agbẹjọ́rò mẹ́rin. Àwọn kan bu iye owó tí wọ́n mọ̀ dájú pé kò lè rí, àwọn tó kù sọ fún un ní gbangba pé àwọn kò lè fi orúkọ àwọn sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n rò ó. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ti ṣèpàdé, wọ́n sì ti fẹnu kò pé agbẹjọ́rò kankan tó bá jẹ́ ọmọ ìlú kò gbọdọ̀ dúró fún un. Wọ́n pe bàbá mi, wọ́n ní kó kìlọ̀ fún mi. Bí mo bá yọjú sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò ní bá ìdílé wa jókòó ní ìpàdé mọ́, wọn kò sì ní tẹsẹ̀ wọ ibi ìnáwó wa.

Ìbéèrè mi rèé. Láti ìgbà tí a ti wà nílé-ẹ̀kọ́ òfin ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé agbẹjọ́rò ní ojúṣe sí àwùjọ. Àwùjọ mi ló wá ń sọ fún mi yìí pé kí n má ṣe iṣẹ́ mi. Ṣé ohun tí àwùjọ ń fẹ́ ni ojúṣe mi sí i, àbí ohun tí yóò ṣe é láǹfààní, bí kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ lónìí? Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ru ẹrù yìí, ṣé èmi nìkan ni, àbí gbogbo àwa tí a jọ wọ aṣọ dúdú náà?

Èsì láti ọwọ́ Olóko Kòkó

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ òfin, oko ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, nítorí pé ní ọ̀nà oko irú èyí tí o sọ yẹn ni mo máa ń gbà lọ wo kòkó mi. Lónìí, tí alẹ́ bá ti ń lẹ́ tí ọmọ mi kò tíì wọlé, ẹsẹ̀ mi kì í gbé mi jókòó.

Bí mo bá ní kí n má pa irọ́, mo wà lẹ́yìn àwọn tó ṣèpàdé. Ohun tó bí wọn nínú kì í ṣe pé ọmọ náà ní ẹni tí yóò gbẹnu sọ fún un. Ohun tó bí wọn nínú ni pé àwọn tí wọ́n jí gbé kò rí agbẹjọ́rò kankan tó wá kí wọn. Ta ni ó ń dúró fún wọn? Ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kó lè ra ọmọ rẹ̀ padà, kóòtù wo ni yóò dá ilẹ̀ náà padà fún un? Àwa tí a jókòó sílé, ohun tí a máa ń gbọ́ lórí rédíò ni pé wọ́n mú afurasí, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ a ó tún gbọ́ pé adájọ́ ní kó máa lọ sílé nítorí pé ìwé kan kò pé.

Jẹ́ kí n tún sọ èyí tó wà nínú mi. Ọdún kọkànlá rèé tí ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí wa ti wà ní kóòtù. Agbẹjọ́rò tí a kọ́kọ́ gbà gba owó lọ́wọ́ wa pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a wọ ọkọ̀ lọ sí Adó tí kò yọjú, tí adájọ́ sì sún ẹjọ́ síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ ààlà ilẹ̀ náà jù ti kú láì jẹ́rìí. Nígbà tí ẹ̀yin agbẹjọ́rò bá ń sọ̀rọ̀ òfin àti àwùjọ, ohun tí mo máa ń rántí nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi hàn wá pé òfin wà fún àwa náà, kí ẹ tó ní kí a fara balẹ̀ fún un lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ pa wá.

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Ìkéré

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ẹjọ́ ọ̀daràn ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí mo ṣe. Bàbá Olóko Kòkó ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ló wúwo jù níbí.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ohun tí agbẹjọ́rò yẹn ṣe fún yín, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin tó ń darí iṣẹ́ wa, kì í ṣe àṣà rẹ̀. Ẹni tó gba owó ẹjọ́ tó sì fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ nínú kóòtù láì ní ìdí, a lè kọ ìwé ẹ̀sùn lórí rẹ̀ sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò tó sún mọ́ yín, kó sì ti ibẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń bá agbẹjọ́rò wí ní Àbújá. Ìgbìmọ̀ yẹn lè kìlọ̀ fún un, ó lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà kan, ó sì lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò pátápátá. Ìtìjú ni fún wa pé àwọn ènìyàn kì í sábà mọ èyí. Àwa tí a mọ̀ ọ́n ni kò sọ ọ́ tó, nítorí pé ojúgbà ẹni kì í rọrùn láti fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ojúṣe tí a jọ ní ti bẹ̀rẹ̀: bí ẹnì kan nínú wa bá ba ọ̀nà jẹ́, gbogbo wa ni àwọn ènìyàn kì í gbọ́ mọ́, ẹ sì ti fi èyí hàn nínú ohun tí ẹ kọ.

Ẹ bèèrè pé ta ni ó ń dúró fún àwọn tí wọ́n jí gbé. Ìjọba ló ń dúró fún wọn, nípasẹ̀ agbẹjọ́rò tó ń pe ẹjọ́ lórúkọ ìpínlẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ wa sọ nípa agbẹjọ́rò yẹn pé ojúṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti rí i pé òdodo borí, kì í ṣe pé kó sáà rí i pé wọ́n dá ẹnì kan lẹ́bi. Ní ọdún 1985, nínú ẹjọ́ Josiah àti ìjọba ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, adájọ́ Chukwudifu Oputa ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni ìdájọ́ òdodo ní: ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, àti ti àwùjọ tí ìwà ọ̀daràn náà bà nínú jẹ́. Bí a bá dí ọ̀kan, méjì tó kù kò lè là.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ìdí tí àwọn tó ṣèpàdé ní ìlú yẹn fi ń ṣe ohun tí yóò pa wọ́n lára láì mọ̀. Ẹ̀sùn tó lè yọrí sí ikú ni ẹ̀sùn tó ṣeé ṣe kí wọ́n fi kan ọmọ náà. Ó ti pẹ́ tí òfin wa ti ní kí ilé ẹjọ́ wá agbẹjọ́rò fún ẹni tó ń jẹ́jọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ tí kò bá ní tirẹ̀. Bí gbogbo wa bá sá, tí wọ́n sì dá a lẹ́bi láì sí ẹni tó gbẹnu sọ fún un, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. A ó ti lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Àwọn ẹlẹ́rìí yóò ti gbàgbé, àwọn mìíràn yóò ti kú bí ẹ̀gbọ́n yín, ẹni tó jẹ̀bi ní tòótọ́ yóò sì máa rìn nígboro. Ìwé tí kò pé, èyí tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò, irú ibi báyìí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní òfin kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò tó bá wù ú. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ Èkìtì ní ìyẹn. Láàfin Ògògà, ọba Ìkéré níbí, àti láàfin èyíkéyìí tí mo ti jókòó sí rí, bí wọ́n bá gbé ẹnì kan wá, wọ́n á ní kó sọ tẹnu rẹ̀, bí kò bá sì lè sọ̀rọ̀, wọ́n á wá ẹbí rẹ̀ tó lè bá a sọ ọ́. Àwọn bàbá wa ló sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìpàdé tó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbẹnu sọ fún ọmọ kan ti dá ẹjọ́ náà tán, láì gbọ́ ìlàjì rẹ̀.

Nọ́ńbà fóònù tí ìwọ agbẹjọ́rò sọ yẹn, mo ronú lé e lórí púpọ̀. Ọlọ́kadà ni ọmọ náà. Ẹni mélòó ló ń pe ọlọ́kadà lójúmọ́ ní ìlú tí kò sí takisí? Ó lè jẹ́ pé ó ta àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó gbé ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, tí onítọ̀hún sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ fóònù yóò fi hàn ìgbà tí wọ́n pe ara wọn, iye ìgbà, àti bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó, ó sì yẹ kí wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè fún. Bí ó bá jẹ́ pé ó jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá, abala 29 nínú òfin kan náà kò gba ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà fà jáde. Ta ni yóò béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí bí kò bá sí agbẹjọ́rò? Bí wọn kò bá sì béèrè wọn, tó sì jẹ́ pé ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni a tì mọ́lé, ẹni tó ń ta ìlú lólobó gan-an ṣì wà láàárín yín lónìí, ó ń bá yín jókòó ní ìpàdé.

Bàbá, agbẹjọ́rò kò ní ẹ̀tọ́ láti parọ́ fún adájọ́. Bí oníbàárà bá jẹ́wọ́ fún mi pé òun ṣe é, mo lè mú kí ìjọba fi ẹ̀rí gbe ẹ̀sùn rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ pe ẹlẹ́rìí èké láti sọ pé kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Bó bá sì sọ fún mi pé àwọn ń gbèrò láti jí ẹlòmíràn gbé, àṣírí kò bo ìyẹn. N kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ṣe onídùúró béèlì fún ẹni tí mo ń gbẹjọ́ rẹ̀ rò. Òṣìṣẹ́ kóòtù ni mí kí n tó jẹ́ ti oníbàárà.

Ìwọ ọmọ mi, tìrẹ ló kù. Ìlànà wa sọ pé agbẹjọ́rò yóò gba ẹjọ́ tó bá dé bá a ní irú kóòtù tó ti ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá ti san owó tó tọ́, àyàfi tí ìdí pàtàkì kan bá dí i lọ́wọ́. Ìbínú ìlú kì í ṣe irú ìdí bẹ́ẹ̀. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó kọ́kọ́ di agbẹjọ́rò nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tó ṣe iṣẹ́ náà ní Èkó, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí láàárín wa pé ó sọ pé láti tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́nà ni agbẹjọ́rò ṣe wà. Ẹni tó ń tọ́ni sọ́nà kò lè máa tẹ̀lé ẹni tó sọnù kiri inú igbó. Èyí ni mo gbà pé ó jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o sọ fún mi kí n tó dáhùn èkejì. Ṣé ìwọ tàbí ẹbí rẹ ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tí wọ́n jí gbé? Ìlú kékeré ni ẹ sọ pé ó jẹ́.

Èsì láti ọwọ́ Akọ̀wé Kóòtù

Agbẹjọ́rò, ẹ kú ìrònú. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àga adájọ́ ni mo jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi ni mo máa ń ka ẹ̀sùn sí etí àwọn ènìyàn.

Ẹni tí kò ní agbẹjọ́rò kì í mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Mo rántí bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n mú wá sí Májísíréètì lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ní ó jí. Mo ka ẹ̀sùn náà fún un, mo bi í bóyá ó jẹ̀bi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ku díẹ̀ kí adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni agbẹjọ́rò kan tó ń dúró de ẹjọ́ tirẹ̀ dìde, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́, ó sì fi èdè Èkìtì ti ìlú wọn bá bàbá náà sọ̀rọ̀. Ohun tí bàbá náà gbọ́ ni pé ṣé lóòótọ́ ni òun wà nínú oko yẹn. Oko àbúrò rẹ̀ ni, ó sì wà níbẹ̀. Èmi tí mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà rò pé mo ti sọ ọ́ yékéyéké. Agbẹjọ́rò yẹn kò gba kọ́bọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lò, ó sì padà lọ jókòó.

Èkejì ni ti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014. Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ádó nígbà náà yóò rántí pé àwọn jàǹdùkú ya wọ inú ọgbà ilé ẹjọ́ gíga, tí wọ́n sì lu adájọ́ kan. Wọ́n ti ilé ẹjọ́ pa lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ lérò pé ẹjọ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni àwọn ń dá dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn kóòtù bá tì, ti gbogbo ènìyàn ló tì: opó tí wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó yẹ kí wọ́n gba béèlì rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò san owó ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé ìpàdé ìlú yín kò gbé igi lọ sí kóòtù. Síbẹ̀, ẹni tó ń dẹ́rù ba agbẹjọ́rò kó má lè wọlé, ilẹ̀kùn kan náà ló ń tì, láti ìta.

Ìdáhùn Ọmọ Òkè Èkìtì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá Ọmọ Ìkéré, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí mo fi pamọ́. Ẹni tí mo ní kò tíì lè rìn dáadáa yẹn, àbúrò ìyá mi ni. Mi ò kọ ọ́ sínú ìbéèrè mi nítorí pé mo fẹ́ mọ ohun tí òfin sọ kí ẹ tó máa ṣàánú mi. Bí mo bá sì ní kí n sọ òótọ́, ọjọ́ tí ìyá ọmọ náà jókòó níwájú mi, ẹsẹ̀ àbúrò ìyá mi ni mo ń rí lọ́kàn mi.

Èsì láti ọwọ́ Ọmọ Ìkéré

Ó dára tí o sọ ọ́. Kì í ṣe ìwọ ni yóò gba ẹjọ́ yìí, ọmọ mi. Agbẹjọ́rò tí ẹbí rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ kò lè fi gbogbo ọkàn gbèjà ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ìlànà wa kò gbà á, ọmọ náà pẹ̀lú sì ní ẹ̀tọ́ sí ẹni tí kò ní máa ro ti ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ kejì nìyí: ti gbogbo wa ni. Ó sì kù ohun tí o gbọ́dọ̀ ṣe. Má ṣe sọ fún ìyá náà pé o kò lè ṣe é, kí o sì dákẹ́, nítorí pé ohun tí àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Mú un lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Adó, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń wá agbẹjọ́rò fún ẹni tí kò lówó. Òfin wọn ti ọdún 2011 wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, bí ọmọ náà ṣe rí nìyẹn. Kọ ìwé sí alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Adó, kí o sì sọ ọ́ bó ṣe rí, pé ọ́fíìsì mẹ́rin ló ti kọ ẹjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ẹgbẹ́ ló wọ kóòtù, tí agbẹjọ́rò méjì tàbí mẹ́ta láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì jọ dúró, kò sí ìlú tí yóò rí ẹnì kan mú ṣe ọ̀tá. Mo ti fẹ́ẹ̀ darúgbó fún ìrìn-àjò kóòtù ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n kọ orúkọ mi mọ́ ọn.

Èsì láti ọwọ́ Olóko Kòkó

Ohun tí ẹ sọ nípa ẹni tó ṣì ń bá wa jókòó ní ìpàdé, Ọmọ Ìkéré, ó ti wọ̀ mí lára, mi ò lè yọ ọ́ kúrò lọ́kàn. Mi ò tíì gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà ní ìlú yẹn, màá ní kí wọ́n tún ìpàdé náà ṣe. Ọmọ mi, kú àfaradà ti àbúrò ìyá rẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún bá mi sọ bí a ṣe ń kọ ìwé ẹ̀sùn yẹn.

Ìdáhùn Ọmọ Òkè Èkìtì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Mo ṣèlérí fún ara mi pé màá padà wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Agbẹjọ́rò kan láti Legal Aid Council àti àwọn méjì láti ẹ̀ka wa ti gba ẹjọ́ náà. Kò sí ọmọ ìlú wa kankan nínú wọn. Wọ́n ti lọ rí ọmọ náà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì ti kọ̀wé béèrè fún àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ fóònù. Ohun tó bá wọn sọ, kò kàn mí, mi ò sì béèrè.

Èmi àti bàbá mi lọ sí ìpàdé ìlú ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí Bàbá Olóko Kòkó sọ, pé kò sí agbẹjọ́rò kankan tó lọ kí àwọn tí wọ́n jí gbé, mo sì tọrọ àforíjì, nítorí pé èmi náà kò lọ bí agbẹjọ́rò, bí ẹbí nìkan ni mo lọ. Mo ti bá àwọn mẹ́ta náà kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ìwé ilé ìwòsàn àti ẹ̀rí owó tí wọ́n san, a sì ti fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, kí agbẹjọ́rò ìjọba má bàa pè ẹjọ́ náà láì mọ̀ wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni mo ṣàlàyé ìdí tí ọmọ náà fi gbọ́dọ̀ ní agbẹjọ́rò. Wọ́n pariwo mọ́ mi. Àwọn méjì dìde, wọ́n jáde. Wọn kò fagi lé ìpinnu wọn, ṣùgbọ́n akọ̀wé ìpàdé ní òun kò ní ka apá tó kan ìdílé wa mọ́, kò sì sí ẹni tó ta kò ó.

Àbúrò ìyá mi kò sọ ohunkóhun títí ìpàdé fi tú. Nígbà tí mo ń gbé e padà sílé nínú ọkọ̀ bàbá mi, ó bi mí ní ọjọ́ tí ẹjọ́ náà yóò tún wáyé. Mo sọ ọjọ́ náà fún un. Ó ní kí n wá gbé òun ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, òun fẹ́ jókòó síbi tí òun yóò ti gbọ́ ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ.